Òkúta funfun méjì, ọ̀kan quartz, ọ̀kan calcite: báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe mọ̀ wọ́n yàtọ̀?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Adìẹ tó ń yé ẹyin ni mò ń sìn ní Ìsẹ́yìn. Ọkùnrin kan kó òkúta funfun àpò méjì wá fún mi, ó ní òkúta kálísíọ̀mù ni, pé kí n lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ adìẹ kí èèpo ẹyin lè nípọn. Ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀ ní yunifásítì mú díẹ̀ nínú àpò kọ̀ọ̀kan lọ, ó wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ó ní quartz ni ti àpò kìíní, calcite ni ti èkejì, pé ìmọ́lẹ̀ ló sọ ọ́ fún òun. Ọkùnrin náà ní irọ́ ni: funfun ni méjèèjì, wọ́n wúwo bákan náà, ibi kan náà ni òun sì ti kó wọn. Ta ni kí n gbà gbọ́? Báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe lè mọ ohun tí ojú mi kò rí?"

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú adìẹ. Ọmọ yín ni kí ẹ gbà gbọ́: calcite ni òkúta tó ní kálísíọ̀mù, quartz kò ní in rárá. Kí ẹ tó ka èyí tó kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àpò kìíní sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹnikẹ́ni má tíì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ tó máa lọ̀ ọ́. Màá sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta funfun. Ọkùnrin yẹn lè má mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ o. Ó wo àwọ̀, ó fi ọwọ́ gbé e wò, ó sì dúró síbẹ̀. Àwọ̀ àti ìwúwo tó gbára lé yìí gan-an ni nǹkan méjì tí kò wúlò rárá bí a bá fẹ́ ya quartz sọ́tọ̀ kúrò lára calcite. Ti pé ibi kan náà ló ti kó wọn, ó lè jẹ́ òtítọ́. Quartz fẹ́ràn láti máa la inú òkúta mìíràn kọjá bí iṣan. Ẹni tó ń wa mábù, tí mábù náà sì jẹ́ calcite, lè bá iṣan quartz pàdé níbi kan náà láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àwọ̀ kúrò ńlẹ̀ ná. Quartz tó mọ́ kò funfun, calcite tó mọ́ kò funfun. Méjèèjì mọ́ gaara bí omi. Ẹ wo iyọ̀: bí ẹ bá gbé hóró kan ṣoṣo sókè sí oòrùn, ẹ ó rí i pé ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n òkìtì iyọ̀ funfun báláú. Odidi yìnyín ń fi ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn, èyí tí a fọ́ wẹ́wẹ́ kò fi nǹkan kan hàn mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ló ń kọlu ojú hóró kan, tó ń ta padà, tó tún ń kọlu òmíràn, títí gbogbo rẹ̀ á fi dà bíi funfun lójú wa. Mábù ń funfun nítorí hóró calcite púpọ̀ tó dì mọ́ra wọn. Quartz inú àpáta ń funfun nítorí omi kíún àti afẹ́fẹ́ kíún tó há sínú rẹ̀. Funfun wọn kò sọ orúkọ wọn.

Ti ìwúwo náà ńkọ́? Quartz wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 2.65, calcite ní ìlọ́po 2.71. Bí ẹ bá wọn gíráàmù 100 quartz, tí ẹ rì í sínú ìgò tó kún fún omi, omi tó máa dà nù á tó mílílítà 37.7. Ti calcite á tó 36.9. Ìyàtọ̀ náà kò kún ṣíbí kékeré kan. Kò sí ọwọ́ tó lè mọ̀ ọ́n, ọwọ́ tèmi náà kò mọ̀ ọ́n lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti ń gbé òkúta.

Líle ni kí ẹ bi wọ́n. Ní 1812, Friedrich Mohs, ọmọ Jámánì, to òkúta mẹ́wàá ní ẹsẹẹsẹ: èyí tó bá lè họ èkejì lára ló wà lókè rẹ̀. Calcite wà ní ipò 3, quartz wà ní ipò 7. Èékánná wa jẹ́ bíi 2.5, ọ̀bẹ ilé ìdáná àti dígí wà ní àyíká 5.5. Ọ̀bẹ wà láàrin àwọn méjèèjì, òun ló sì jẹ́ onídàájọ́ yín. Ẹ fi ṣóńṣó rẹ̀ họ calcite, ó máa wọlé, ìyẹ̀fun funfun á sì jáde. Ẹ fi họ quartz, ọ̀bẹ náà ni yóò jẹ.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ fa quartz lára, ẹ máa rí ìlà kan, ẹ ó sì rò pé ẹ ti họ ọ́. Ẹ fi ìka tútù nu ibẹ̀. Bí ìlà náà bá parẹ́, irin tó jẹ kúrò lára ọ̀bẹ ni. Bí kò bá parẹ́, tí èékánná yín sì ń kọ́ sínú rẹ̀, òkúta ló gbọgbẹ́. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ìdáhùn òdì sílẹ̀ nítorí pé kò nu ìlà yẹn.

Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn àgbà gbẹ́ àpótí ìjókòó láti inú quartz. Ọ̀kan nínú wọn, tó ní ìdìmú róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́, wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọọ̀ni ló fi ta Gilbert Carter, gómìnà Èkó, lọ́rẹ ní 1896. Nígbàkigbà tí mo bá rí àwòrán rẹ̀, líle ipò 7 yẹn ló ń wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀bẹ kò gé e. Ohun tó bá le bíi tirẹ̀ nìkan ló lè rọra jẹ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ lórí ọjọ́. Ká ní calcite ni wọ́n fi ṣe é, ìwọ̀nba irin tí alágbẹ̀dẹ rọ ì bá ti tó. Líle kan náà ló mú kí àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n ní Èkìtì ṣì dúró gbọin-gbọin lẹ́yìn òjò àìmọye ọdún, nítorí òkúta tó kún fún quartz ni wọ́n, nígbà tó jẹ́ pé calcite ń yòrò díẹ̀díẹ̀ nínú omi òjò.

Lẹ́yìn líle, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fọ́. Ẹ fi aṣọ wé òkúta náà kí èérún má baà ta sí yín lójú, kí ẹ fi òòlù lù ú. Calcite ní ọ̀nà mẹ́ta tó fẹ́ràn láti là sí, kò sì ń yà kúrò níbẹ̀. Àfọ́kù rẹ̀ máa ń dà bí àpótí tí ẹnì kan tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó fi dagun: ojú rẹ̀ tẹ́jú, ó ń dán, igun kan kò tó díígírì 80, èyí tó tẹ̀ lé e ju díígírì 100 lọ. Ẹ tún fọ́ èyí tó fọ́, ìrísí kan náà ni yóò tún jáde, títí yóò fi di iyanrìn. Quartz kò ní ọ̀nà kankan tó fẹ́ràn. Bí ìdí ìgò ṣe ń fọ́ ló ń fọ́, ojú rẹ̀ á ṣe kòtò, á ní ìlà róbó-róbó bí ìkarahun, etí rẹ̀ á sì mú. Nínú mábù tí hóró rẹ̀ kéré, ẹ lè má rí àpótí tó dagun yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ gbé àfọ́kù náà yí sí oòrùn, ẹ ó rí ojú pẹlẹbẹ kéékèèké tó ń kọ mànà.

Ìdánwò tó kù ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ń sin adìẹ. Ẹ lọ díẹ̀ nínú òkúta kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú omi, ìwọ̀n ṣíbí kékeré kan péré, ẹ kó o sínú àwo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú àwo kẹta, ẹ lọ èèpo ẹyin sí i. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èèpo ẹyin á hó, calcite á hó, quartz á dákẹ́ lọ gbári. Èèpo ẹyin ni mo ní kí ẹ fi ṣe ẹlẹ́rìí nítorí pé òun fúnra rẹ̀ jẹ́ calcite. Ohun tí adìẹ yín ń kọ́ yí ẹyin ká ní alaalẹ́ kò yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú mábù. Ásíìdì wà nínú ikùn adìẹ pẹ̀lú, ohun tó bá hó nínú àwo ló lè yòrò níbẹ̀, kí kálísíọ̀mù rẹ̀ sì wọ ẹ̀jẹ̀. Calcite tó mọ́ ní kálísíọ̀mù tó tó ìdá 40 nínú 100. Quartz kò ní rárá, sílíkọ́nì àti ọ́síjìn nìkan ló wà nínú rẹ̀. Yóò wọ ìwe adìẹ, á bá a lọ àgbàdo, á sì jáde bó ṣe wọlé. Ẹ má ṣe gba ásíìdì bátìrì lọ́wọ́ mẹkáníìkì fún ìdánwò yìí. Ó lè jó yín lára, ó sì tún máa ń fi èèpo bo calcite lójú, híhó rẹ̀ á wá dáwọ́ dúró, ẹ ó sì rò pé quartz ni.

Ó wá ku ìmọ́lẹ̀, tí ẹ béèrè gan-an.

Nínú afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń sá bíi kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá wọ inú omi tàbí òkúta, eré rẹ̀ á dín, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí igi tí a kì bọ omi fi ń dà bí èyí tó ṣẹ́. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé nínú ọ̀pọ̀ kírísítálì, ìyẹn ohun líle tí átọ̀mù rẹ̀ tò létòlétò bíi ti quartz àti calcite, ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo tó bá wọlé máa ń pín sí méjì, ọ̀kan á sì yára ju èkejì lọ. Nínú quartz, ọ̀kan ń sá bíi kìlómítà 194,000, èkejì bíi 193,000. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó jọ ń rìn ni wọ́n, ejìká wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Nínú calcite, ọ̀kan ń sá bíi 202,000, èkejì bíi 181,000. Ọmọ yín á fi nọ́ńbà tó ń sọ ìlọ́po tí eré ìmọ́lẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ fi ju ti inú òkúta lọ kọ ọ́ báyìí nínú ìwé rẹ̀: quartz, 1.544 àti 1.553, ìyàtọ̀ 0.009; calcite, 1.486 àti 1.658, ìyàtọ̀ 0.172. Ìyàtọ̀ ti calcite fi ìlọ́po 19 ju ti quartz lọ. Á tún fi àmì ìròpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ quartz, á fi àmì ìyọkúrò sí ti calcite, torí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń mì lọ sókè-sódò òpó àárín kírísítálì ló ń falẹ̀ nínú quartz, òun náà ló ń yára nínú calcite.

Kí ló fà á? Bí àwọn átọ̀mù ṣe jókòó ni. Nínú quartz, sílíkọ́nì kọ̀ọ̀kan di ọ́síjìn mẹ́rin mú, ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan di sílíkọ́nì méjì mú, gbogbo rẹ̀ so kọ́ra bí àwọ̀n tí kò níbẹ̀rẹ̀ tí kò lópin, ní òkè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀nà yòówù kí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé, ohun tó ń bá pàdé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà. Kò sì sí ibi tí àwọ̀n náà ti dẹ̀ tí òòlù lè gbà, ìyẹn ló mú kó le, tí kò sì ní ọ̀nà tó ń là sí. Ti calcite yàtọ̀. Kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan àti ọ́síjìn mẹ́ta tó yí i ká tẹ́ pẹlẹbẹ bí àwo, gbogbo àwo wọ̀nyí ló sì dojú kọ ibì kan náà, bí ìgbà tí ìyàwó ilé to àwo lé ara wọn sórí tábìlì. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ń mì lọ bíbọ̀ ní ìtẹ́jú àwo ń rí ìdíwọ́ púpọ̀, èyí tó bá ń mì lóròó ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tó so àwo kan pọ̀ mọ́ òmíràn kò lágbára tó ti quartz, níbẹ̀ ni ọ̀bẹ àti òòlù ń gbà wọlé. Ohun tí ọ̀bẹ sọ fún yín ní ẹ̀yìnkùlé àti ohun tí ìmọ́lẹ̀ sọ fún ọmọ yín ní yàrá ìwádìí, orísun kan náà ni wọ́n ti wá.

Bí ẹ bá rí calcite tó mọ́ gaara, ẹ lè rí pípín yìí láìlo ẹ̀rọ kankan. Ẹ gbé e lé orí ìwé ìròyìn. Gbogbo lẹ́tà á di méjì-méjì. Èyí tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan á ya lẹ́tà kúrò lára ìkejì rẹ̀ ní nǹkan bíi mílímítà kan. Ní 1669, Erasmus Bartholin, ọ̀mọ̀wé ará Denmark, kọ̀wé lórí ohun àrà yìí lẹ́yìn tó yẹ òkúta calcite láti Iceland wò. Nínú ìwé tí Christiaan Huygens tẹ̀ jáde nípa ìmọ́lẹ̀ ní 1690, ó sapá gidigidi láti ṣàlàyé rẹ̀. Quartz náà ń pín in, ṣùgbọ́n ó kéré jù fún ojú.

Níbẹ̀ ni máíkírósíkóòpù ọmọ yín ti wọlé. Wọ́n á gé òkúta, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí, wọ́n á máa lọ̀ ọ́ títí yóò fi ku 0.03 mílímítà, tí ìmọ́lẹ̀ fi lè gba inú rẹ̀ kọjá. Lábẹ́ rẹ̀ ni sẹ́ẹ́ kan tó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀ wà, lókè rẹ̀ ni òmíràn wà. Ìsẹ́yìn lẹ wà, kí n lo òfì ṣe àkàwé. Ọkọ̀ tí awunṣọ ń sọ gba àárín òwú á kọjá bó bá dùbúlẹ̀ pẹlẹbẹ. Bí ẹ bá nà án ró, kò ní kọjá. Sẹ́ẹ́ ìsàlẹ̀ ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó dùbúlẹ̀ nìkan kọjá, sẹ́ẹ́ òkè ń gba èyí tó nà ró nìkan. Bí kò bá sí nǹkan láàrin wọn, òkùnkùn biribiri ni ẹ ó rí. Kírísítálì tó wà láàrin ló ń pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì, tó ń yí i, tí díẹ̀ fi ń rí ọ̀nà kọjá. Nítorí pé ọ̀kan ti fi èkejì sẹ́yìn, bí wọ́n bá tún pàdé lókè, àwọ̀ kan á pa òmíràn, òmíràn á yọ, bí àwọ̀ ṣe ń yọ lójú epo bẹntiróò tó dà sórí omi.

Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, tí a fi ẹyọ kan nínú rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n, ìfisẹ́yìn tó wáyé nínú quartz lábẹ́ máíkírósíkóòpù kò ju 270 lọ. Àwọ̀ eérú tàbí funfun ṣákáṣáká ni yóò hàn. Ti calcite lè tó 5,160. Àwọ̀ á ti yí po léraléra, wọ́n á ti gorí ara wọn, ohun tó kù á wá jẹ́ funfun tí pupa rẹ́súrẹ́sú àti àwọ̀ ewé ń kọ fírífírí nínú rẹ̀, bí inú ìkarahun. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kì í ṣì í mú mọ́.

Àmì mìíràn wà tí mo nífẹ̀ẹ́ púpọ̀. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ òkúta mọ́ dígí náà ní nọ́ńbà eré ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, ó wà ní àyíká 1.54. Ti quartz sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí etí quartz fi ń fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, bí yìnyín nínú omi. Bí ọmọ yín bá yọ sẹ́ẹ́ òkè, tó sì ń yí calcite po, hóró náà á rẹ̀wẹ̀sì, á tún yọ gànnàkù, á tún rẹ̀wẹ̀sì, bí ẹni ń ṣẹ́jú. Ìdí ni pé nọ́ńbà rẹ̀ kan wà nísàlẹ̀ ti gọ́ọ̀mù, èkejì ga ju ti gọ́ọ̀mù lọ fíìfíì. Kí ó tún wo ìlà tó gún régé tó ń gba inú hóró calcite kọjá ní méjì-méjì. Nínú quartz tí ilẹ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ rí, kò ní rí irú ìlà yẹn. Òkùnkùn ni yóò rọra gbá hóró náà kọjá, bí òjìji ìkúùkù lórí pápá.

Ní 1828, William Nicol ní Edinburgh gé calcite sí méjì, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà, ó sì fi ṣe sẹ́ẹ́ fún ìmọ́lẹ̀. Irú sẹ́ẹ́ yẹn ni àwọn onímọ̀ òkúta lò fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Èyí túmọ̀ sí pé fún gbogbo ìgbà yẹn, inú calcite ni wọ́n ti ń wo quartz.

Kí ẹ ṣọ́ra fún òkúta funfun méjì mìíràn. Feldspar wà ní ipò 6, ó ń họ dígí, kì í hó, ṣùgbọ́n ó ń là ní ọ̀nà méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe igun díígírì 90, èyí tí quartz kì í ṣe. Dolomite, tó máa ń wà nínú mábù, jọ calcite púpọ̀, ṣùgbọ́n odidi rẹ̀ kì í fẹ́ hó, ìyẹ̀fun rẹ̀ náà ń lọ́ra. Mànìísíọ̀mù ló gba àyè apá kan kálísíọ̀mù nínú rẹ̀, nítorí náà kálísíọ̀mù tí ẹ ń wá kéré níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má gbé àpò kìíní lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ rèé. Bí quartz bá di eruku, eruku náà a máa wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í yòrò níbẹ̀, ó ń dá ojú ọgbẹ́ sílẹ̀ tí kò ní ìwòsàn. Silicosis ni wọ́n ń pe àrùn náà. Ní 1997, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ọmọdékùnrin tó ń da òkúta sẹ́nu ẹ̀rọ láìbo imú ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, kì í ṣe adìẹ. Ìdí kan náà ni mo fi ní kí ẹ fi omi lọ ìwọ̀nba tí ẹ máa dán wò.

Ẹ mú bí òkúta mẹ́wàá láti oríṣiríṣi ibi nínú àpò kejì náà, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, kí ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí iṣan quartz lè ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ dá àpò kìíní padà fún ọkùnrin náà, kí ẹ sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níṣojú rẹ̀. Kí ọmọ yín náà lẹ èèpo ẹyin kan láti inú ọgbà adìẹ yín mọ́ dígí, kí ó lọ̀ ọ́ fẹ́lẹ́ bó ṣe lọ òkúta yẹn, kí ó sì pè yín wá wò ó láàrin sẹ́ẹ́ méjèèjì.